Ṣé O Mọ̀ Pé Gíláàsì Lè Tan Ìmọ́lẹ̀ Tí Ojú Kò Rí?

Ṣé o mọ̀ pé nígbà tí o bá jókòó sí Ìbàdàn tí o ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ tó wà ní London sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ìmọ́lẹ̀ ni ohùn rẹ ń dà kó tó lè la òkun kọjá? Etíkun Èkó ló ti ń wọ omi. Okùn gíláàsì ló ń gbà, ojú ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ ń tọ̀ láàárín okùn náà kò sì fẹ̀ tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún mìlímítà. Okùn tó ń jẹ́ SAT-3 ti ń ṣe iṣẹ́ yìí láti 2002, Glo-1 àti MainOne bẹ̀rẹ̀ ní 2010, Equiano tí Google tẹ́ sí ìsàlẹ̀ òkun sì gúnlẹ̀ sí Lomé àti Èkó ní 2022. MainOne nìkan gùn tó nǹkan bí kìlómítà 7,000 láti Portugal wá sí Èkó.

Gíláàsì inú okùn yìí mọ́ ju gíláàsì fèrèsé èyíkéyìí lọ. Síbẹ̀, bí ìmọ́lẹ̀ bá ti rin kìlómítà 100 nínú rẹ̀, ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ló máa ń ṣẹ́ kù. Bó bá tún rin 100 sí i, ó di ẹyọ kan nínú 10,000. Ní kìlómítà 300, ó di ẹyọ kan nínú mílíọ̀nù. Ká ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi í sílẹ̀, kò sí nǹkan kan tí ì bá dé Portugal. Ohun tó ń gbà á là ni mítà díẹ̀ gíláàsì mìíràn tí wọ́n so mọ́ ọn lójú ọ̀nà, gíláàsì tí wọ́n bu mẹ́táàlì kan tó ń jẹ́ erbium sí, ní ìwọ̀n bíńtín tí kò ju átọ́ọ̀mù ọgọ́rùn-ún mélòó kan lọ nínú mílíọ̀nù. Gíláàsì yẹn máa ń tan ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀. Òun àti àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, nítorí mi ò mọ ohun mìíràn tó kéré tó báyìí tí ayé òde òní gbára lé tó báyìí.

Ṣé o mọ̀ pé kì í ṣe ojú ni wọ́n fi kọ́kọ́ rí irú ìmọ́lẹ̀ tí gíláàsì yìí ń tan? Ooru rẹ̀ ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n. Ní 1800, William Herschel, ọmọ Jámánì tó ń gbé ní Slough nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó ti rí pílánẹ́ẹ̀tì Uranus ní 1781, jẹ́ kí ìtànṣán oòrùn gba inú gíláàsì onígun mẹ́ta kọjá, àwọn àwọ̀ òṣùmàrè sì tẹ́ síwájú rẹ̀. Ó ń gbé tẹmómítà láti orí àwọ̀ kan bọ́ sórí èkejì kó lè mọ èyí tó gbóná jù. Pupa gbóná ju àwọ̀ ewé lọ. Ó wá gbé tẹmómítà kúrò lórí pupa lọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tí kò sí àwọ̀ kankan mọ́, ibẹ̀ gan-an ló sì gbóná jù. Ìmọ́lẹ̀ wà níbẹ̀ tí ojú ọmọ ènìyàn kò gbà. Infrared ni ayé ń pè é báyìí.

Ìwọ náà lè rí díẹ̀ nínú rẹ̀ lálẹ́ òní. Pa iná yàrá, na rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n sí kámẹ́rà fóònù rẹ, kí o wá tẹ bọ́tìnnì. Ojú rẹ kò ní rí nǹkan kan lórí rìmóòtù náà, ṣùgbọ́n lójú fóònù, gílóòbù kékeré tó wà ní imú rẹ̀ á máa ṣẹ́jú pẹ̀lú àwọ̀ elésè àlùkò tó ṣá. Bí kámẹ́rà ẹ̀yìn kò bá fi hàn, lo ti iwájú. Gígùn ìgbì ìmọ́lẹ̀ rìmóòtù jẹ́ nǹkan bí nànómítà 940, ojú wa sì ti kógbá sílé ní nǹkan bí 700. Ti erbium tún jìnnà ju ìyẹn lọ, 1,550 ló wà, kámẹ́rà fóònù pàápàá kò lè rí i, nítorí pé silicon tí wọ́n fi ṣe ojú kámẹ́rà kì í gba ohun tó bá ti kọjá nǹkan bí 1,100.

Ṣé o mọ̀ pé abúlé kan ṣoṣo ni wọ́n fi sọ mẹ́táàlì mẹ́rin lórúkọ? Ytterby ni abúlé náà, ní erékùṣù Resarö nítòsí Stockholm, lórílẹ̀-èdè Sweden. Wọ́n ń wa òkúta níbẹ̀ fún àwọn tó ń ṣe àwo tánganran. Ní 1787, ọ̀dọ́mọdé ológun kan tó ń jẹ́ Carl Axel Arrhenius rí òkúta dúdú kan tó wúwo ju bó ṣe yẹ lọ. Johan Gadolin yẹ òkúta náà wò ní Åbo, ìlú tí wọ́n ń pè ní Turku ní Finland lónìí, ó sì kéde ní 1794 pé ohun kan tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀ wà nínú rẹ̀. Ohun kan kọ́, ọ̀pọ̀ nǹkan ni. Àwọn mẹ́táàlì tó wà nínú rẹ̀ jọra tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn onímọ̀ kẹ́míkà fi lo ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún kí wọ́n tó yà wọ́n sọ́tọ̀ tán. Carl Gustaf Mosander yọ erbium àti terbium jáde ní 1843. Marignac rí ytterbium ní Geneva ní 1878. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Per Teodor Cleve rí thulium. Rare earth ni orúkọ tí wọ́n fún gbogbo ìdílé wọn, mẹ́tàdínlógún ni wọ́n, bẹ́ẹ̀ wọn kò sì ṣọ̀wọ́n nínú ilẹ̀ tó bí ènìyàn ṣe lè rò. Cerium tó wà nínú erùpẹ̀ ayé fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bàbà. Thulium wà lára àwọn tó kéré jù láàárín wọn, síbẹ̀ ó pọ̀ ju wúrà lọ fíìfíì. Ìdílé yìí wà nílẹ̀ wa náà, nínú yanrìn monazite tó máa ń bá tánńganran Jos jáde láti inú ilẹ̀. Wàhálà tó wà nídìí wọn ni yíyà wọ́n kúrò lára ara wọn.

Ẹni tó mọ iṣẹ́ yíyà yẹn jù ni Carl Auer von Welsbach, ará Austria. Òun ló pín didymium sí méjì ní 1885, tí neodymium àti praseodymium fi jáde. Ṣé o mọ̀ pé ọkùnrin yìí kan náà ló ṣe ohun tó ń tàn ní òde ìnáwó àwọn bàbá wa kí iná mànàmáná tó wọ̀lú? Rántí fìtílà tí wọ́n ń pọ́ǹpù, tó ní àpò funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó máa ń fọ́ bí ọwọ́ bá kàn án. Auer ló gbé àpò yẹn jáde ní 1891: thorium tí ọ́síjìn ti gùn ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, cerium tí ọ́síjìn ti gùn sì jẹ́ nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ìdá kan yẹn ló mú kó mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ní 1903, ó tún gba ẹ̀tọ́ lórí òkúta kékeré tó ń ṣáná nínú láítà, irin tí wọ́n pò mọ́ cerium àti àwọn ọmọ ìyá rẹ̀. A ti ń fi rare earth ṣáná sí sítóòfù tipẹ́ kí a tó gbọ́ orúkọ rẹ̀.

Ṣé o mọ ìdí tí erbium fi lè tan ìmọ́lẹ̀ nínú gíláàsì tí ọ̀pọ̀ mẹ́táàlì mìíràn kò fi lè ṣe é? Àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tó wà nínú átọ́ọ̀mù ló ń gba ìmọ́lẹ̀ wọlé, àwọn náà ló sì ń tú u sílẹ̀. Nínú bàbà tàbí irin, ìta átọ́ọ̀mù ni àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tó ń ṣe iṣẹ́ yìí wà, gbogbo ohun tó bá yí wọn ká ló ń dí wọn lọ́wọ́, agbára tí wọ́n bá gbà sì ń tètè di ooru lásán. Ti erbium dà bí ọmọ tó ń sùn ní ìyẹ̀wù nígbà tí àlejò ń pariwo ní ọ̀ọ̀dẹ̀. Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù mìíràn wà níta tó ń gba ariwo gíláàsì sára, ti inú kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ̀ pé àlejò wà nílé. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé yálà gíláàsì yanrìn ni o bu erbium sí tàbí gíláàsì tí wọ́n fi phosphorus ṣe, ìtòsí nànómítà 1,500 àti díẹ̀ náà ni ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ máa wà.

Bí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù erbium bá ti gba agbára, kì í kánjú tú u sílẹ̀. Nínú gíláàsì yanrìn, ó lè mú un dání fún nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú-àáyá. Ó lè dà bíi pé ìyẹn kéré, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ átọ́ọ̀mù ni kò lè mú tirẹ̀ dání fún ìdá kan nínú mílíọ̀nù àkókò yẹn. Nítorí náà, ènìyàn lè tan lésà kékeré kan, ti nànómítà 980, sínú gíláàsì náà kó máa fi agbára kún àwọn átọ́ọ̀mù erbium lọ́kọ̀ọ̀kan, títí èyí tó kún á fi pọ̀ ju èyí tó ṣófo lọ. Ìmọ́lẹ̀ tí okun ti tán lára rẹ̀ á wá wọlé, tó gbé ohùn rẹ dání. Bó ti ń kọjá lára átọ́ọ̀mù kan tó ti kún, átọ́ọ̀mù náà á tú tirẹ̀ sílẹ̀: ìgbì kan náà, ọ̀nà kan náà, ìṣísẹ̀ kan náà. Ẹyọ kan di méjì, méjì di mẹ́rin, kó tó jáde lódìkejì mítà díẹ̀ sí i ó ti di ìlọ́po ọgọ́rùn-ún tàbí ẹgbẹ̀rún. Einstein ló ti kọ ọ́ ní 1917 pé ìmọ́lẹ̀ lè pe ìmọ́lẹ̀ jáde bẹ́ẹ̀, ó ku ohun tó lé ní ogójì ọdún kí ẹnikẹ́ni tó ṣe lésà àkọ́kọ́.

Ṣé o mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ṣètò rẹ̀ tí ìgbì ìmọ́lẹ̀ erbium fi bá ibi tí gíláàsì ti mọ́ jù mu rẹ́gí? Èyí ni mo kà sí ìyanu tó ga jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí.

Gíláàsì kì í mọ́ bákan náà fún gbogbo ìmọ́lẹ̀. Bí ìgbì ìmọ́lẹ̀ bá kúrú, gíláàsì á fọ́n ọn ká. Bó bá gùn jù, àwọn átọ́ọ̀mù gíláàsì fúnra wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, wọ́n á sì gbé e mì. Láàárín méjèèjì ni àyè tóóró kan wà, ní àyíká nànómítà 1,550, tí àdánù ti kéré jù. Ìwà silicon àti ọ́síjìn tó wà nínú yanrìn ló gbé àyè yìí kalẹ̀. Erbium, ní tirẹ̀, ń tàn dáadáa láàárín 1,530 sí 1,565, ìwà átọ́ọ̀mù erbium nìkan ló sì pinnu ìyẹn. Okùnfà àkọ́kọ́ kò mọ ìkejì rí. Ká ní ìmọ́lẹ̀ erbium fi 200 yẹ̀ sápá òsì tàbí sápá ọ̀tún, ìtàn íntánẹ́ẹ̀tì ì bá yàtọ̀ pátápátá.

Ó pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó rí i pé méjèèjì máa pàdé. Ní 1966, Charles Kao àti George Hockham kọ̀wé láti Harlow nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé ìdọ̀tí inú gíláàsì ló ń pa ìmọ́lẹ̀, kì í ṣe gíláàsì fúnra rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni gíláàsì tí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìmọ́lẹ̀ á ṣẹ́ kù nínú rẹ̀ lẹ́yìn kìlómítà kan péré, kò sì sí irú gíláàsì bẹ́ẹ̀ láyé nígbà náà. Robert Maurer, Donald Keck àti Peter Schultz ṣe é ní Corning ní Amẹ́ríkà ní 1970. Nígbà tó fi máa di 1979, àwọn ará Japan ti sọ kìlómítà kan yẹn di ọgọ́rùn-ún, nànómítà 1,550 gan-an ni wọ́n sì ti rí i. Kao gba ẹ̀bùn Nobel ní 2009.

Síbẹ̀, ìmọ́lẹ̀ tó bá rẹ̀ lójú ọ̀nà kò tíì ní olùrànlọ́wọ́ gidi. Nínú TAT-8, okùn gíláàsì àkọ́kọ́ tó so Amẹ́ríkà pọ̀ mọ́ Yúróòpù ní 1988, wọ́n ní láti sọ ìmọ́lẹ̀ di iná mànàmáná ní ibùdó kọ̀ọ̀kan ní ìsàlẹ̀ òkun, kí wọ́n tún iná náà ṣe, kí wọ́n sì tún sọ ọ́ di ìmọ́lẹ̀ padà. Bí a bá fẹ́ kí okùn náà yára sí i, àfi kí a kó gbogbo ẹ̀rọ yẹn jáde nínú omi. Ọdún kan ṣáájú kí TAT-8 tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ìdáhùn ti wà nílẹ̀: ní 1987, àwọn ẹgbẹ́ David Payne ní Yunifásítì Southampton, àti Emmanuel Desurvire pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Bell Labs ní New Jersey, fi hàn pé okùn gíláàsì tó ní erbium lè fi agbára kún ìmọ́lẹ̀ bó ti wà, láìsọ ọ́ di nǹkan mìíràn. Ní 1996, TAT-12/13 ti ń lò ó ní ìsàlẹ̀ òkun Atlantic.

Ohun tí erbium fi ju ẹ̀rọ àtijọ́ lọ jù ni pé ó lè gbé ọgọ́rin ìgbì ìmọ́lẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan náà, olúkúlùkù pẹ̀lú ẹrù tirẹ̀. Wọn kì í sì í wọnú ara wọn. Sùúrù átọ́ọ̀mù erbium tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ló fà á: ọ̀rọ̀ tó ń kọjá ń ṣẹ́jú lọ́pọ̀ bílíọ̀nù ìgbà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, erbium kò sì yára tó láti bá ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan lọ sókè sódò. Agbára kan náà ló ń fún gbogbo wọn.

Ṣé o mọ̀ pé láti etíkun ni wọ́n ti ń fún àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí ní iná? Ní gbogbo nǹkan bí kìlómítà 60 sí 100, kóló irin kan dùbúlẹ̀ lórí ilẹ̀ òkun, erbium sì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú àwọn lésà kékeré tó ń fún un lóúnjẹ. Bàbà tó yí okùn gíláàsì ká ló ń gbé iná dé ọ̀dọ̀ wọn, pẹ̀lú agbára tó tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún fólítì. Ọdún 25 ni wọ́n ṣe kóló náà fún, láìsí ẹni tó máa fọwọ́ kàn án. Lára àwọn ọ̀tá okùn náà ni ìdákọ̀ró ọkọ̀ àti ilẹ̀ tó bá yẹ̀ nísàlẹ̀ òkun. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta 2024, okùn mẹ́rin, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ nítòsí Abidjan, iṣẹ́ àwọn báńkì kan ní Nàìjíríà sì dúró wámú, owó tí àwọn ènìyàn kan fi ránṣẹ́ kò lọ, kò bọ̀. Ọjọ́ yẹn ni ọ̀pọ̀ wa kọ́kọ́ gbọ́ pé okùn kan wà nínú òkun.

Ṣé o mọ̀ pé gíláàsì erbium máa ń tàn ní àwọ̀ ewé? Bí o bá wọ inú yàrá ìwádìí tí wọ́n ti ká okùn erbium mọ́ ọ̀pá, tí wọ́n bá pa iná, o máa rí i bí òrùka kọ̀ọ̀kan ṣe ń tàn ní àwọ̀ ewé tútù, ó mọ́ lápá ibi tí lésà ti wọlé, ó sì ń ṣá bọ̀ títí dé ìparí. Ìmọ́lẹ̀ tí ojú kò rí ni wọ́n fi sí i, èyí tí ojú rí ló ń jáde. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé átọ́ọ̀mù tó ti gba agbára lẹ́ẹ̀kan tún gba òmíràn kó tó tú ti àkọ́kọ́ sílẹ̀, ó gun òkè méjì, ó sì fò sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kò wúlò fún okùn abẹ́ òkun rárá, agbára tó sá lọ ni. Ṣùgbọ́n ó rẹwà.

Ṣé o mọ̀ pé bí erbium bá pọ̀ jù nínú gíláàsì, ìmọ́lẹ̀ á kú? Bí àwọn átọ́ọ̀mù rẹ̀ bá sún mọ́ra, wọ́n á máa gbé agbára fún ara wọn títí á fi di ooru. Yanrìn mímọ́ kò sì fẹ́ràn erbium, ńṣe ni erbium ń ṣù jọ nínú rẹ̀. Wọ́n ní láti fi alumina, ìyẹn alùmíníọ̀mù tí ọ́síjìn gùn, kún un kí erbium tó lè tàn káàkiri. Mo máa ń rántí Ilé-Ifẹ̀ níbí yìí. Gíláàsì tí wọ́n yọ́ ní Igbó Olókun láàárín nǹkan bí ọ̀rúndún kọkànlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún, tí Abídèmí Babalọlá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi rí ìlẹ̀kẹ̀ tó lé ní 12,000 níbẹ̀, alumina pọ̀ nínú rẹ̀ ju ti gíláàsì Lárúbáwá àti ti Yúróòpù lọ, òun ló sì fi hàn pé Ifẹ̀ ló dá tirẹ̀ ṣe. Àwọn àgbà Ifẹ̀ kò wá erbium. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ pé ohun tí o bá fi kún yanrìn ló ń sọ irú gíláàsì tó máa jáde, wọ́n ti fi ìlẹ̀kẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀.

Omi náà lè pa ìmọ́lẹ̀ yìí. Kò ní láti jẹ́ omi tó ń ṣàn, háídírójìn díẹ̀ tó so mọ́ ọ́síjìn nínú gíláàsì ti tó. Gíláàsì fúnra rẹ̀ sì lè jẹ́ ọ̀tá, nítorí pé àwọn átọ́ọ̀mù rẹ̀ kì í dúró jẹ́ẹ́. Praseodymium yẹ kó tàn ní 1,300, ìgbì kan tí àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifóònù fẹ́ gidigidi, ṣùgbọ́n nínú gíláàsì yanrìn, gbígbọ̀n gíláàsì ń jí agbára rẹ̀ gbé kó tó tàn. Wọ́n ní láti lọ lo gíláàsì tí kò ní ọ́síjìn nínú rárá. Ìdí nìyí tí àwọn olùwádìí fi ń pò gíláàsì pẹ̀lú tellurium tàbí germanium tí ọ́síjìn gùn: átọ́ọ̀mù tó wúwo kì í gbọ̀n tó bẹ́ẹ̀, ìmọ́lẹ̀ àìrí sì ń rí àyè jáde.

Ṣé o mọ̀ pé ilé iṣẹ́ tó ń ṣe awò ojú ni lésà gíláàsì àkọ́kọ́ ti jáde? American Optical ni, ní Southbridge ní Massachusetts. Elias Snitzer ló ṣe é ní 1961, pẹ̀lú neodymium nínú gíláàsì, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sì wà ní nǹkan bí nànómítà 1,060. Ní 1964, òun àti Charles Koester ti ká okùn gíláàsì oní-neodymium mọ́ gílóòbù tó ń bùyẹ̀rì, wọ́n sì fi agbára kún ìmọ́lẹ̀ nínú rẹ̀. Ọdún mẹ́tàlélógún ṣáájú Southampton nìyẹn. Ayé kò tíì ṣe tán.

Gíláàsì neodymium ní àrà tirẹ̀. Gbé e sí oòrùn, á pọ́n bí elésè àlùkò. Gbé e wá sábẹ́ iná funfun ti ọ́fíìsì, á di búlúù ṣàpọ̀ǹbé. Nǹkan kan kò yí nínú gíláàsì náà, ìmọ́lẹ̀ tó bọ́ sí i ló yàtọ̀. Ó tún ń mú àwọ̀ ìyeyè tí iyọ̀ ń tàn nínú iná kúrò pátápátá, ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń fẹ́ gíláàsì nínú iná fi ń lo awò rẹ̀, kí wọ́n lè rí iṣẹ́ ọwọ́ wọn láàárín ọwọ́ iná.

Ibi tí lésà gíláàsì neodymium tó tóbi jù wà ni Livermore ní California, ní National Ignition Facility. Pákó gíláàsì neodymium 3,072 ló wà níbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan wúwo tó nǹkan bí kílò 42, àwọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ pupa fẹ́ẹ́rẹ́ tó lẹ́wà. Phosphorus tí ọ́síjìn gùn ni ìpìlẹ̀ rẹ̀, kì í ṣe yanrìn. Schott àti Hoya ló yọ́ ọ. Wọ́n ní láti lé omi jáde nínú rẹ̀, nítorí omi á pa ìmọ́lẹ̀. Inú platinum ni wọ́n sì ń yọ́ ọ sí, bí ègé platinum kan tí ojú kò rí bá sì já sínú rẹ̀, lésà á mú un gbóná títí pákó odindi á fi sán. Ọ̀nà tí wọ́n gbà yanjú ìyẹn ni kí wọ́n jẹ́ kí ègé náà yòrò mọ́ gíláàsì. Gílóòbù 7,680 ló ń bù yẹ̀rì lé pákó wọ̀nyí lórí, ìmọ́lẹ̀ àìrí ti nànómítà 1,053 á jáde ní ọ̀nà 192, wọ́n á yí i padà sí ìgbì tó kúrú, wọ́n á sì dojú gbogbo rẹ̀ kọ háídírójìn tó wà nínú kóró kan tó kéré ju hóró àgbàdo lọ. Ní ọjọ́ 5 oṣù kejìlá 2022, wọ́n fi agbára mẹgajúùlù 2.05 kan án, 3.15 ló sì jáde. Ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí irú iná tó ń jó nínú oòrùn máa mú jáde ju ohun tí lésà fi sí i lọ.

Ytterbium kò ní ìtàn gígùn tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n òun ló ń ṣiṣẹ́ agbára jù. Ṣé o mọ̀ pé okùn gíláàsì tó tẹ́ẹ́rẹ́ lè gé páànù irin? Lésà ti 976 ni wọ́n ń fún ytterbium, 1,070 ló ń dá padà, àárín méjèèjì kéré, nítorí náà díẹ̀ ló ń ṣòfò di ooru. Snitzer yẹn náà wà lára àwọn tó gbé ọ̀nà kan jáde ní 1988 tí okùn á fi ní ọ̀nà méjì nínú ara wọn, èyí tó gbòòrò níta fún oúnjẹ, èyí tó tóóró nínú fún lésà. Ọ̀nà yẹn ló sọ okùn gíláàsì di ohun ìgé-irin. Valentin Gapontsev, ọmọ Rọ́ṣíà tó dá IPG Photonics sílẹ̀, ló sọ ọ́ di ọjà, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ sì ń fi gé irin, wọ́n ń fi jó o pọ̀ lójoojúmọ́.

Ojú ni ká ṣọ́ra fún. Ìmọ́lẹ̀ 1,060 ń wọ inú ẹyinjú tààrà dé ẹ̀yìn rẹ̀, ó lè jó o láìjẹ́ pé ẹni náà ṣẹ́jú, nítorí kò rí nǹkan kan. Ti erbium, ní 1,550, omi tó wà níwájú ẹyinjú ló ń gbé e mì kó tó dé ẹ̀yìn. Ìdí nìyí tí ẹ̀rọ tó ń fi ìmọ́lẹ̀ wọn bí nǹkan ṣe jìnnà tó fi sábà ń lo gíláàsì erbium níbi tí ènìyàn wà.

Ṣé o mọ̀ pé thulium, ọmọ Cleve, ti dé yàrá iṣẹ́ abẹ? Nànómítà 1,940 ni wọ́n ń lò nínú okùn gíláàsì thulium, ìgbì tí omi fẹ́ràn láti gbé mì gan-an. Dókítà á gba ojú ọ̀nà ìtọ̀ wọlé, láìla ikùn, á ti okùn tó tẹ́ẹ́rẹ́ bọ inú kíndìnrín, á sì gbé ẹnu rẹ̀ ti òkúta tó ń yọ aláìsàn lẹ́nu. Omi tó fara pamọ́ sínú òkúta náà á hó lẹ́ẹ̀kan náà, á fọ́ ọ láti inú. Nítorí pé omi ara ń gbé ìmọ́lẹ̀ náà mì kíákíá, kì í jìnnà dé ara tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Òkúta á di ìyẹ̀fun lúbúlúbú, aláìsàn á sì tọ̀ ọ́ jáde.